Ìyá Ọsibítù àti Ehoro Tí Kò Lóyún

Ìyá Ọsibítù kì í sọ ohun tí kò mọ̀. Bí o bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, á ní, "N kò mọ̀. Jẹ́ kí n lọ bèèrè." Á sì lọ bèèrè lóòótọ́. Mo ti rí àwọn tó kàwé jù ú lọ fíìfíì tí ẹnu wọn kò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Sàfúrátù lorúkọ rẹ̀ gan-an. Láti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n tó bí mi. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kan. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, tó ń se omi gbígbóná, tó ń di ọwọ́ aboyún mú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti le, àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn á ní, "Ẹ pe Ìyá wá." Ó fẹ̀yìn tì ní 1989. Orúkọ ọsibítù kò bá a fẹ̀yìn tì.

Èmi ni Ṣàíbù. Káfíńtà ni mí, àpótí ọjà ni mò ń kàn ní Apọ́ngbọ̀n. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á dáadáa. Ohun tí Ìyá Ọsibítù ṣe ní 1992 ni mo fẹ́ sọ, lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi Sàdíátù kú.

Sàdíátù ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó lọ́kọ, kò bímọ, ó padà wálé. Fìlà ló ń rán. Lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀, oníbàárà kan fún un ní ehoro kan. Abo ni, funfun, etí kan dúdú. Sàdíátù sọ ọ́ ní Àdùkẹ́.

Ọ̀rọ̀ ti orí orúkọ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ìyá Hàlímọ̀, ìyàwó kékeré olórí ẹbí wa, Àdùkẹ́ ni oríkì tirẹ̀ náà.

"Sàdíátù, oríkì tí ìyá mi fi ń kì mí, òun lo gbé fún ẹran?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ́wà, òun náà lẹ́wà. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá Hàlímọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Oṣù kẹta ni Sàdíátù kú. Ibà ni wọ́n pè é. Ọjọ́ márùn-ún péré ló fi dùbúlẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni àwọn èèyàn fi ń wọlé wá kí wa. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mi orí, wọ́n á wo ehoro. "Háà, ehoro Sàdíátù rèé. Ó mà ṣe o, ìyá ẹ ti lọ." Wọ́n á gbé e sí itan, wọ́n á máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn láti orí dé ìdí. Bí ẹnì kan bá gbé e sílẹ̀, ẹlòmíràn á gbé e. Bí wọ́n ṣe ń bá mi kẹ́dùn ni wọ́n ń bá òun náà kẹ́dùn. Ó tù mí nínú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a ń fa nǹkan.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Ọsibítù lọ sí Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Àdùkẹ́ yí padà.

Bí mo bá gbé oúnjẹ wọ inú àgò rẹ̀, á fò mọ́ ọwọ́ mi, á máa kùn, hùn, hùn, bí ajá. Á fi ọwọ́ iwájú méjèèjì gbá mi bí ẹni ń kan ẹ̀ṣẹ́. Bí mo bá tú u sílẹ̀ ní àgbàlá, á yí ẹsẹ̀ mi po, á tún yí i po, lójijì á tọ̀ sí mi ní kókósẹ̀, á sá lọ. Ẹran tó máa ń sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ Sàdíátù bó bá ń rán fìlà!

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fa irun àyà ara rẹ̀ tu. Á fà á ní ìdì-ìdì, á kó o jọ sí kọ̀rọ̀ àgò pẹ̀lú koríko.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Mo ní ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ṣebí obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ a máa tú irun rẹ̀? Mo ní bí tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Mo gbé àgò rẹ̀ wọ yàrá Sàdíátù, mo ti fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu, bí a ti ń ṣe fún opó. Mo fún un ní gèlè Sàdíátù kan. Ó fà á ya, ó kó o mọ́ irun. Láràárọ̀ ni mo ń gbá irun náà dànù kí ibẹ̀ lè mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti fa òmíràn. Àyà rẹ̀ pupa, ó ń dán bí àyà adìẹ tí wọ́n tu.

Ìyá Hàlímọ̀ yọjú sí yàrá lọ́jọ́ kan. Mo ní ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ó pariwo.

"Ọ̀fọ̀ wo? Ṣàíbù, ẹran yìí lóyún! Ìtẹ́ ló ń tẹ́ fún ọmọ."

Kò tó wákàtí kan tí gbogbo agboolé fi gbọ́. Ó wá ku akọ tó ṣe é. Wàsíù, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì òpópónà, ló ní akọ ehoro kan. Wọ́n lọ bá a.

"Wàsíù, ehoro rẹ ti ba ọmọ wa jẹ́ o!"

"Ehoro tèmi? Kò jáde rí! Abẹ́ agbọ̀n ló ń gbé, mo tún gbé òkúta lé agbọ̀n lórí."

"Ta ló wá ṣe é?"

"Ẹ bi ọmọ yín. Àbí ẹ fẹ́ kí n gbé ẹrù ìdána wá ni?"

Gbogbo òpópónà rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin mẹ́ta ti wá sọ fún mi pé kí n fi ọmọ kọ̀ọ̀kan pamọ́ fún àwọn. Ọ̀kan ní òun fẹ́ èyí tí etí rẹ̀ dúdú.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn títí di ogúnjọ́ tí Sàdíátù ti kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Àkàndé, olórí ẹbí wa, ń ṣe àlùwàlá ní ẹ̀gbẹ́ kànga. Ó ti fọ apá, ó ti fọwọ́ pa orí. Ẹsẹ̀ ló kù. Mo ti tú Àdùkẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n lè fọ àgò. Ó yí Bàbá po lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá na bútà sí i pé kó lọ. Ó bu ẹsẹ̀ Bàbá jẹ, ó sì tọ̀ sí jalamíà funfun tó fẹ́ fi lọ kí ìrun.

"Nájísì! Nájísì ni!"

Bàbá pàdánù ìrun àpapọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó tún àlùwàlá ṣe, ó jáde, ó ní kí wọ́n pe gbogbo ilé.

"Ọjọ́ ogójì Sàdíátù ku ogún ọjọ́. A ó pa ẹran yìí fún sàárà rẹ̀. Ohun tó ní náà ni, á jẹ́ ẹ̀san fún un."

Ohun kan ṣoṣo tó ní ẹ̀mí tí Sàdíátù fi sílẹ̀ nìyẹn, yàtọ̀ sí èmi.

"Bàbá, ó lóyún o," ni obìnrin tó fẹ́ ọmọ elétí dúdú wí.

"Bó bá lóyún, n kò ní pa á. Kí n pa ìyá pẹ̀lú ọmọ nínú? Rárá. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ó lóyún lóòótọ́? Ìyá Ọsibítù ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú lónìí. Ohun tó bá sọ ni."

Mo ti lọ dúró de Ìyá Ọsibítù níbi tí ọkọ̀ ń já èrò sí ní Apọ́ngbọ̀n. Mo gba ẹrù lórí rẹ̀. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà agboolé, mo ti rò ó fún un tán.

"Ìyá, mo bẹ̀ yín. Ẹ ṣáà sọ pé ó lóyún."

Ó dúró sójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń gbá wa lọ, ń gbá wa bọ̀.

"Ṣé ó lóyún?"

"N kò mọ̀."

"Èmi náà kò mọ̀. Àwa méjèèjì kò mọ̀, ìwọ wá ní kí n sọ ọ́."

Ó ń rìn lọ, ó ń sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi. Ó ní obìnrin kan wá sí ilé ìgbẹ̀bí àwọn nígbà kan. Ikùn rẹ̀ yọ, ọmú rẹ̀ ń ṣe wàrà, ó ti wọ oṣù kọkànlá. Ẹbí ọkọ ti ra aṣọ ọmọ. Àwọn nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn án, wọ́n mọ̀ pé kò sí ọmọ níbẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n láti sọ. Òun ló sọ. Ìyá ọkọ obìnrin náà pè é ní àjẹ́ lójú gbogbo èrò.

"Ìgbà tó pé ọdún kan àti àbọ̀, obìnrin yẹn padà wá, oyún gidi. Ta ló ní kí wọ́n pè fún òun? Èmi àjẹ́. Ṣàíbù, irọ́ ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ọjọ́ tí Àdùkẹ́ kò bá bímọ, kí lo máa sọ fún Bàbá?"

Mo gbé ẹrù rẹ̀ wọlé.

Bó ṣe débẹ̀, kò tíì mumi tó fi kúnlẹ̀ níwájú àgò. Kò na ọwọ́ sí i lójú. Òkè ló gbà, ó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ó dúró. Àdùkẹ́ kùn, kò jẹ ẹ́. Ìyá fi ọwọ́ kejì wá ikùn rẹ̀ láti abẹ́, bí ẹni ń wá òkúta nínú ẹ̀wà.

"N kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ti èèyàn ni mo mọ̀, n kò mọ ti ehoro. Jẹ́ kí n lọ bèèrè."

Àlímọ̀t, ọmọ rẹ̀, ń se oúnjẹ fún dókítà ẹran kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkòyí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ìyá wọ ọkọ̀ lọ. Ó padà dé lẹ́yìn ìrun àsárì. Ìyá kò lè kọ̀wé púpọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un, kókó ló ń ta sí etí ìborùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan, kókó kan. Ilé ìgbẹ̀bí ló ti kọ́ ọ. Kókó márùn-ún ló gbé wálé.

Ó di èkíní mú.

"Kò lóyún. Ara rẹ̀ ló ń purọ́ fún un. Abo ehoro kò nílò akọ kó tó rò pé òun lóyún. Bí a bá ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn ṣáá, ara rẹ̀ á rò pé akọ ló gùn ún. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ẹ fi pa á lẹ́yìn."

"A ń bá a kẹ́dùn ni."

"Mo mọ̀. Èmi náà fọwọ́ pa á."

"Ìyẹn ni pé kò ṣọ̀fọ̀ Sàdíátù?"

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Ìwọ lò ń ṣọ̀fọ̀, Ṣàíbù. Fi ti ehoro sílẹ̀ fún ehoro. Gbé e kúrò nínú òkùnkùn yẹn."

Kókó kejì: kí n má gbá irun náà mọ́. Bí mo ṣe ń gbá a ló ń fa òmíràn. Kí n fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún un títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta: kí n má na ọwọ́ sí i níwájú, kò rí ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀ dáadáa, ọ̀tá ló máa pè é. Òkè ni kí n gbà, bí òun ti ṣe lánàá.

Ó di ẹ̀kẹrin mú. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Mo ti gbàgbé ẹ̀kẹrin. Á padà wá."

"Ẹ̀karùn-ún ńkọ́?"

"Mo bi í bóyá wọ́n lè gbé ilé ọmọ rẹ̀ kúrò, kó lè tán pátápátá. Ó ní àwọn òyìnbó ń ṣe é nílùú wọn. Ó ní tó bá jẹ́ níbí, kò dá òun lójú pé bí wọ́n bá fún ehoro lóògùn oorun, á jí. Ó ní bó bá jẹ́ ti òun, òun kò ní gbé e lọ. Wàá fara dà á ni."

Alẹ́ kò tíì lẹ́ tó fi lọ bá Bàbá. Èmi tẹ̀ lé e. Gbogbo ilé ti pé.

"Bàbá, kò lóyún."

Àwọn obìnrin mẹ́ta tó fẹ́ ọmọ fọwọ́ lérán. Bàbá mi orí. "Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

"Kò tíì tán. Àwa la ba ara rẹ̀ jẹ́, a pa á lẹ́yìn jù. Ẹ̀yin náà, Bàbá, ọjọ́ kẹta tí Sàdíátù kú, itan yín ló wà. Mo rí yín."

Bàbá wo ilẹ̀. Ìyá Hàlímọ̀ kò jẹ́ kó dáhùn.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹni tí kò bí, ẹran rẹ̀ náà kò bí."

Sàdíátù ló ń bá wí. Mo dìde. Ìyá Ọsibítù fọwọ́ kan mí láyà, ó dá mi jókòó.

"Ìyá Hàlímọ̀, ọjọ́ tí o bí Hàlímọ̀, ọwọ́ ta lo dì mú?"

"Ọwọ́ yín ni."

"O rántí àwọn ọ̀rọ̀ tí o sọ sí Bàbá lọ́jọ́ yẹn? Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá! Mo ti dákẹ́!"

Ẹ̀rín bú jáde. Bàbá gan-an fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kí ló sọ?" ló ń bèèrè. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ìyá Ọsibítù dúró kí ẹ̀rín tán. Ó ní, "Ẹ fún wa di ọjọ́ ogójì. Bó bá ṣì ń kọlu èèyàn lọ́jọ́ náà, èmi ni màá dì í mú fún ọ̀bẹ. Ṣàíbù kò ní bínú sí mi."

Bàbá gbà. Mo wo Ìyá. Mo mọ̀ pé bó bá débẹ̀, á dì í mú lóòótọ́.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kó pákó àpótí láti Apọ́ngbọ̀n, mo kan ọgbà kékeré sí ẹ̀yìn ilé, ó jìnnà sí kànga. Mo fi wáyà yí i ká. Mo gbé ìtẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú irun àti gèlè tó ya sínú àpótí kan, mo gbé e sí igun ọgbà. Nígbà tí mo ń kan ìṣó tó kẹ́yìn, mo gbọ́ igbe láti iwájú ilé.

"Ṣàíbù! Ẹ̀kẹrin ti dé! Ẹ̀kẹrin!"

Ìyá ń sáré bọ̀, búrẹ́dì àárọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Koríko! Ó ní àgbàdo ti pọ̀ jù fún un. Koríko ni kó máa jẹ, títí ẹnu á fi rẹ̀ ẹ́. Kó sì rí páálí bù jẹ, kí ìbínú rẹ̀ lè lọ sí ara páálí."

Mo ń ṣa koríko létí ọ̀sà láràárọ̀. Mo kó páálí sí i. Ó bù ú jẹ bí ẹni tí páálí jẹ ní gbèsè. Bí mo bá wọ ọgbà, mo ń wọ bàtà òjò ọ̀rẹ́ mi kan, mo ń dúró bí òpó. Á yí mi po, á kùn, á gbá bàtà. N kò ní mira. Nígbà tó bá sú u, á lọ. Àlejò tó bá na ọwọ́ sí i, gbogbo ilé á pariwo, "Má pa á lẹ́yìn o!" Ìyá Hàlímọ̀ ni ariwo tirẹ̀ pọ̀ jù.

Ọjọ́ kẹrin, kò fa irun mọ́. Ọjọ́ kẹfà, ó fi ẹsẹ̀ tú ìtẹ́ náà ká, ó jẹ koríko inú rẹ̀, ó nà gbalaja sórí èyí tó kù. Ìyá wá wò ó. Ó ní, "Ó ti sọ òótọ́ fún ara rẹ̀." Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní àyà rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Ọjọ́ ogójì pé. Àwọn àlùfáà ṣàdúrà fún Sàdíátù, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí àdúrà tán, Bàbá dìde pẹ̀lú jalamíà funfun yẹn, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ìyá Ọsibítù ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ọ̀bẹ wà lórí ìjókòó.

Bàbá ṣí ọgbà, ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Àdùkẹ́ gbé etí sókè. Ó wá. Ó gbóòórùn ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bàbá, ó gbóòórùn etí jalamíà. Ó yí Bàbá po lẹ́ẹ̀kan. Ó wá jókòó, ó ń fọ ojú rẹ̀.

Bàbá mi ẹsẹ̀ kan. Kò dá a lóhùn. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti tán lára rẹ̀."

"Kò tán, Bàbá," ni Ìyá Ọsibítù wí.

Ó ṣe mí bíi pé kí n fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Á tún ṣe é. Bóyá lẹ́ẹ̀mejì, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Bí ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, á kọjá, bí a kò bá fi ọwọ́ ara wa dá kún un."

"Báwo la ó ṣe mọ ìgbà tó bá ń bọ̀?"

"Ṣàíbù á mọ̀."

Bàbá yíjú sí mi. Ó pẹ́ tó fi ń wò mí.

"Ṣé wàá mọ̀?"

"Màá mọ̀, Bàbá."

"Sọ fún mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Màá máa ṣe àlùwàlá mi níwájú ilé." Ó jáde kúrò nínú ọgbà, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ padà sí ilé ìdáná.

Oṣù kẹjọ ni. Mo gbé koríko dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yí ẹsẹ̀ mi po lẹ́ẹ̀mejì, ó kùn díẹ̀. Kò tíì jẹ ẹnikẹ́ni. Mo fi koríko gbígbẹ kún àpótí igun ọgbà, mo ju páálí tuntun sí i. Mo wá lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá láti sọ fún un.